Ọwọ́ Tí A Kò Jẹ́ Kó Sinmi

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ létí mi pé, "Ẹ jẹ́ kí Bàbá sinmi," mo lè gbàgbé pé Kristẹni ni mí. Gbogbo ọdún tí mo lò lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fi gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ ní Máhìntẹ́dó, mo gbọ́ ọ ní Etíkàn, mo gbọ́ ọ ní Aráròmí, níbi tí òkun fúnra rẹ̀ kì í ti sinmi, tó ń jẹ ilé àwọn ènìyàn lọ. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní sítróòkì, bá kọlù, tí apá kan ara rẹ̀ sì kú, kò tíì délé láti ilé ìwòsàn tí àwọn ẹbí yóò ti tẹ́ ẹní sílẹ̀. Wọn yóò to ìrọ̀rí yí i ká bí ọmọ jòjòló. Wọn yóò máa fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, wọn yóò máa wọṣọ fún un, wọn yóò máa gbé e bí ẹrù. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọn yóò ránṣẹ́ pè mí pé ọwọ́ kò ṣeé nà mọ́. Ta ló ká a kò? Ẹ̀yin náà ni!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́, tèmi nìyí. Nọ́ọ̀sì ni mí, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kọ́ ni iṣẹ́ mi. Ara tó ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ ni mò ń kọ́ padà: ọwọ́ tó gbàgbé ìmú, ẹsẹ̀ tó gbàgbé ìdúró. Àwọn ènìyàn etí omi kò pè mí ní orúkọ mi rí. Ìyá Gbọ́wọ́sókè ni wọ́n ń pè mí. Bí ọkọ̀ mi bá ti ń yọ, àwọn ọmọdé á ti máa sáré lórí pákó, wọ́n á máa kígbe pé, "Ìyá Gbọ́wọ́sókè dé o! Bàbá, ẹ sá pamọ́!" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò fi bí iṣẹ́ náà ṣe máa rí hàn mí tẹ́lẹ̀. Ǹ bá sá.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo lọ. Olùkọ́ wa ló kọ̀wé fún mi sí ilé ìwòsàn àwọn oníjọ kan lókè ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n ń san kò ní ìtàn nínú. A jẹun, àwọn ọmọ kàwé, Ọlọ́run ṣeun.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ló ní ìtàn. Sísítà Rúùtù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Èkìtì, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín àfi lọ́jọ́ Sunday. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó fi báńdéèjì funfun de ọwọ́ ọ̀tún gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ àyà wa. Ó ní kí a jẹun bẹ́ẹ̀, kí a kọ orúkọ wa bẹ́ẹ̀, kí a de bọ́tìnnì aṣọ wa bẹ́ẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọbẹ̀ ti ta sí gbogbo àyà aṣọ iṣẹ́ mi.

"Sísítà, mi ò lè ṣe é," ni mo wí.

"O kò lè ṣe é ni, àbí o kò fẹ́ kí wọ́n rí ọ bí o ṣe ń ṣe é?"

Ó bu omi sínú ife, ó nà án sí mi. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Àgbà ló na ife, ọwọ́ ọ̀tún mi wà nínú ìdè. Ṣé kí n wá fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó bí irú mi? Mo kúnlẹ̀, mo kàn ń wo ife. Ó dúró títí, kò gbé ife náà sílẹ̀.

"Ẹ wò ó," ni ó sọ fún àwọn tó kù. "Ọwọ́ òsì rẹ̀ yìí kò ṣàìsàn. Ojú ló ń tì í. Ẹ máa rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń pariwo mọ́ aláìsàn."

Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí aláìsàn bá lè fi odindi àárọ̀ ṣe, má bá a fi ìṣẹ́jú kan ṣe é. Bí o bá bá aláìsàn wọ bàtà, ìwọ náà yóò bọ́ bàtà tìrẹ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn ní ilé ìwòsàn yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Mo bú u nínú ọkàn mi, mo sì ń gbàdúrà fún ìsinmi ọkàn rẹ̀ báyìí.

Nígbà náà, ohun tí wọ́n kọ́ wa nínú ìwé ni pé ọpọlọ àgbàlagbà dà bí ìkòkò amọ̀. Tó bá ti fọ́, ó fọ́ nìyẹn. A kàn ń na ọwọ́ aláìsàn kó má baà gan ni. Ṣùgbọ́n ojú wa ń rí i tí ìka kan á mì lónìí, tí èkejì á mì lẹ́yìn rẹ̀. A bi Sísítà léèrè. Ó ní, "Ìwé kò tíì dé ibẹ̀ ni. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, ó ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

Wọ́n gbé mi padà sí etí omi ilé wa, wàhálà mi sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ wa àtijọ́ ni àpò tí a rọ iyanrìn kún àti rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí aláìsàn ń fà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tó yá, ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì kan ní ìlú ńlá, ó rò ó, ó fi ẹ̀rọ ìrìn ránṣẹ́ sí wa, èyí tí ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀ láì kúrò lójú kan. Iná mànàmáná ló ń lò. Iná wo? Wọ́n tún fi irin gígùn méjì ránṣẹ́, tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ títẹ́jú kí aláìsàn di ọwọ́ mú láàárín wọn. Ilẹ̀ wo? Orí òpó ni ilé wa wà, pákó lórí omi ni títì wa! Bàbá àgbà kan gun ẹ̀rọ ìrìn náà, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsí iná, ó ní, "Ìyá Gbọ́wọ́sókè, láti àárọ̀ ni mo ti ń rìn, mi ò sì tíì dé Igbókọ̀dá." Nígbẹ̀yìn, ẹja ni wọ́n ń sá sórí rẹ̀. Mo ní kí káfíńtà kan ọparun mọ́ ẹ̀gbẹ́ pákó àwọn aláìsàn mi, kí wọ́n rí nǹkan dì mú. Ẹni tó bá ní ẹja ni yóò sá a sórí ẹ̀rọ, ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ tó kú ni yóò di ọparun mú.

Nígbà tí ìfẹ̀yìntì mi kù díẹ̀ ni dókítà kan wá kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀dọ́ ni, ó ní sùúrù, Ọlọ́run bù kún un. Òun ló kọ́kọ́ ṣàlàyé fún wa yékéyéké nípa àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀, àwọn tín-ín-tìn-ìn-tín inú ọpọlọ tí kò tíì yan iṣẹ́, àti bí ọpọlọ tó fara pa ṣe lè tún iṣẹ́ rẹ̀ kọ́. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mò ń rántí Sísítà Rúùtù. Ìwé ti ń bọ̀ lẹ́yìn wa lóòótọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n pè mí sọ́dọ̀ Bàbá Bánjí.

Apẹja ni Bàbá Bánjí, ní Máhìntẹ́dó, alàgbà nínú ìjọ wa, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń mi àjà ṣọ́ọ̀ṣì. Apá òsì rẹ̀ ni àrùn náà kọlù. Bánjí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Òkìtìpupa, ọmọ dáadáa ni, ìdí nìyẹn tó fi dá wàhálà sílẹ̀. Ó ní òun kò ní jókòó kí wọ́n wá sọ fún òun pé bàbá òun yọ̀ lórí pákó, ó sì rì. Òun ń bọ̀ ní Ọdún Àjíǹde. Bí bàbá òun bá lè dá rìn láti ilé dé ibi ọkọ̀, kó sì wọ ọkọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gbé e, kó dúró sílé rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, òun á gbé e lọ sókè ilẹ̀.

Bàbá di etí aṣọ mi mú. "Ìyá Gbọ́wọ́sókè, bí wọ́n bá gbé mi lọ, mi ò ní padà wá mọ́. Ilẹ̀ tí kì í mì, báwo ni ènìyàn ṣe ń sùn lórí rẹ̀?"

Lẹ́yìn Kérésì la bẹ̀rẹ̀. Mo rán àpò aṣọ kan, mo fi bo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó yá, kí òsì má baà rí ẹni bá a ṣiṣẹ́. Mo ní bí ó bá jókòó, kí àpò wà níbẹ̀. Bí ó bá fẹ́ rìn, kí wọ́n bọ́ ọ. Ìyá Bánjí, ìyàwó rẹ̀, ká ọwọ́ lérí.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ọkọ mi jalè ni tí ẹ fi dè é?"

"Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń jalè, Ìyá Bánjí. Iṣẹ́ òsì ló ń jí ṣe."

Kò rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àgbà ìjọ kan wá kí Bàbá. Inú Bàbá dùn, ó sì fi gbogbo agbára na ọwọ́ sí i, ọwọ́ òsì tó ń gbọ̀n, nítorí òun ló wà lóde. Àgbà ìjọ fà sẹ́yìn bí ẹni rí ejò. Díẹ̀ ló kù kó já sínú omi. "Alàgbà, èmi lẹ ń na òsì sí?" Bẹ́ẹ̀ ló ń wí títí ó fi wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Bàbá fi eyín tú àpò náà, ó jù ú sílẹ̀. "Ó tó, Nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ tó kú sàn ju ọwọ́ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ lọ."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo pariwo, mo tún bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó gbà pé òun á máa lo àpò bí kò bá sí àlejò nílé. Mo gbé àwọ̀n tó ya sí i nítan, ọwọ́ òsì ń di ojú àwọ̀n mú, ọ̀tún ń rán an nígbà tí a bá tú u sílẹ̀. Àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo lọ sílé, mo kọrin ìyìn nínú ọkọ̀ débi pé awakọ̀ bi mí bóyá mo ní ọmọ-ọmọ tuntun.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni koríko orí omi dí odò wa. Ẹ mọ̀ ọ́n, koríko tó ń tàn bí ẹní, tó ń dí ẹ̀rọ ọkọ̀ lọ́fun. Ọkọ̀ kankan kò kọjá. Ó pẹ́ kí àwọn ọkùnrin tó rántí odò kékeré kan lẹ́yìn igbó, kí wọ́n tó fi àdá là á. Mo gba ibẹ̀ dé Máhìntẹ́dó, ẹ̀ka igi ń nà mí lójú.

Mo bá Bàbá lórí ẹní. Wọ́n fi ìrọ̀rí ká a mọ́ bí ẹyin. Ọwọ́ òsì ti di ìkúùkù mọ́ àyà rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ nà án, ó ké, èjìká ti gan. Ìdí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Gbogbo ohun tí a fi oṣù kan kọ́ ti lọ. Ìgò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, àwòrán ọpọlọ wà lára rẹ̀.

"Kí nìyí?"

Ìyá Bánjí ti ń sunkún. "Ọkùnrin kan ló ń tà á nínú ọkọ̀ èrò kí odò tó dí. Ó ní sẹ́ẹ̀lì ló wà nínú rẹ̀, pé á hù bí irúgbìn lórí ọpọlọ. Ó ní Bàbá kò gbọdọ̀ mira rárá, kí ohun tó ń hù má baà tú. Àwa sì rò pé kó sinmi."

Kó sinmi! Mo jáde. Mo jókòó sórí pákó níta, mo kọ orin kan tán, mo kọ òmíràn, kí n tó lè wọlé padà bí ènìyàn.

"Irọ́ lọkùnrin náà pa," ni mo wí. "Kò sí ìgò tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀ èrò tó lè gbé sẹ́ẹ̀lì dé inú ọpọlọ ẹnikẹ́ni. Àwọn dókítà ṣì ń wá ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé òtítọ́ díẹ̀ ló fi ṣe ìwọ̀ irọ́ náà."

Bàbá yíjú padà lórí ẹní. "Nǹkan wà tó ń hù lóòótọ́?"

"Bàbá, ẹ máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sí ibùdó apẹja, tí wọn kò tíì yan iṣẹ́? Ẹni tí a fi sídìí àwọ̀n á di aláwọ̀n, ẹni tí a fi sídìí ẹ̀rọ á di awakọ̀. Ọlọ́run fi irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ sínú ọpọlọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe pọ̀ tó nínú àgbàlagbà. Nínú àwọn ẹranko tí wọ́n fi ṣàyẹ̀wò, bí ọpọlọ bá fara pa, àwọn kan nínú wọn ń dìde lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ wọn ló ń kú. Èyí tó bá rí iṣẹ́ ṣe ló sábà ń pẹ́."

"Ẹni tó dé ibùdó tí kò rí ọkọ̀ wọ̀, á bá tirẹ̀ lọ," ni Bàbá wí.

"Ẹ ṣeun. Nítorí náà, àwọn kọ́ la gbójú lé. Àwọn tó kù láàyè nínú ọpọlọ la gbójú lé, pé kí wọ́n wá ọ̀nà míràn. Níbo ni mo gbà wá lónìí?"

"Odò ẹ̀yìn igbó."

"Báwo ló ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́?"

"Wọn kò jẹ́ kí n wọ̀ ọ́," ó sì wo ìyàwó rẹ̀. "Wọ́n ní igi ni àti koríko. Wọ́n là á, wọ́n là á. Wọ́n ní ó ti ń mọ́ báyìí."

"Kí ló sọ ọ́ di mímọ́?"

"Ọkọ̀ tó ń gbà á."

"Bàbá, bí ọwọ́ bá sùn, ta ló máa la odò?"

Mo sọ fún wọn pé Olúwa wa kò bá ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ rọ nà án. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kó nà án, lójú gbogbo ènìyàn, nínú ilé àdúrà, níbi tí ojú ti lè tì í. Ìyá Bánjí nu ojú. Ó gbé ìgò náà, ó da ohun inú rẹ̀ sí odò. Ó bu omi mímu, ó fi ọwọ́ òsì gbé e fún mi.

"Ìyá Bánjí?"

"Ẹ gbà á. Láti òní lọ, òsì la ó máa fi gba nǹkan, òsì la ó máa fi fúnni nínú ilé yìí, gbogbo wa. Bó bá jẹ́ ìtìjú ni, kó má jẹ́ tirẹ̀ nìkan."

Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò rí ìtọ́jú tó ju ìyẹn lọ. Àwọn aládùúgbò ní orí wọn ti yí. Àwọn ọmọdé sọ ọ́ di eré, wọ́n ń fi òsì kí ara wọn káàkiri orí pákó, àwọn ìyá wọn sì ń fi ọ̀tún nà wọ́n. Bàbá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti dé. A bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ padà. Èjìká kọ́kọ́ yọ̀ǹda, lẹ́yìn náà àtàǹpàkò. Mo gbé àjẹ̀ lé e lọ́wọ́, nítorí kò sí ọwọ́ àrífín nínú ìtukọ̀; ọ̀tún àti òsì ló ń dì í mú. Ó bú mi gan-an. "Ìyá Gbọ́wọ́sókè, ẹ lọ bí ọmọ míràn tí ẹ ó máa dà láàmú!" Ẹni tó lágbára láti bú mi ti ń yá.

Ọdún Àjíǹde dé, Bánjí náà dé. Èmi náà wà níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ìyá rẹ̀ sì fi òsì na omi sí i.

"Màmá! Kí ni mo ṣe yín?"

"O kò ṣe mí ní nǹkan kan. Gbà á."

"Ọwọ́ òsì ni!"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ni ín."

Bánjí wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ya ìyá rẹ̀ ní wèrè. Kó tó la ẹnu, Bàbá ti dìde. Ó di ọparun mú. Ọwọ́ òsì ni ó fi dì í, ìka rẹ̀ kò ṣí tán, ó dà bí ẹsẹ̀ akàn lára igi. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀, ó ń mí gulegule. Bánjí fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, mo fa ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Nọ́ọ̀sì, á ṣubú!"

"Bó bá ṣubú, ìwọ mọ omi wẹ̀. Dúró."

Ní etí ọkọ̀, Bàbá dúró pẹ́. Ó jókòó sórí pákó, ó sọ ẹsẹ̀ tó yá kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé èkejì wọlé. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ó wọ́ lọ sí ìdí ọkọ̀, ó mú àjẹ̀.

"Bánjí, wọlé. Jẹ́ kí n sìn ọ́ dé ibi ọkọ̀ ẹlẹ́rọ."

Bánjí jókòó síwájú bí àlejò. Ọkọ̀ náà ń wọ́ sí apá òsì ṣáá, nítorí agbára ọwọ́ méjèèjì kò dọ́gba.

"Bàbá mi, a ń yí po o."

"Ìwọ ló ń kánjú. Ọkọ̀ tó ń yí po kò tíì rì."

Bánjí padà sí Òkìtìpupa lóun nìkan. Ó sunkún nínú ọkọ̀ ẹlẹ́rọ, awakọ̀ ló sọ fún mi.

Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló ń padà bẹ́ẹ̀ o. Mo sin àwọn tí mo fi gbogbo agbára kọ́, tí ìka kan kò mì. Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ tí wọn yóò ti máa kí yín káàbọ̀, ẹ wá òmíràn. Nínú èyí, àwọn tó fẹ́ràn aláìsàn jù lọ ni yóò bá yín jà jù lọ. Ẹ ó máa bínú, ẹ ó sì máa dúpẹ́, lójúmọ́ kan náà.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ìjọ ṣe ìsìn ìdúpẹ́ fún mi. Bàbá Bánjí tu ọkọ̀ ara rẹ̀ wá. Ó rìn bọ̀ wá síwájú pẹ̀lú ẹja yíyan tí wọ́n fi ewé dì, ó sì fi ọwọ́ òsì nà án sí mi lójú gbogbo ìjọ. Aṣọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì kan sáré dé, ó sọ sí i létí, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ọ̀tún."

"Kì í ṣe ọ̀tún ló ń dúpẹ́," ni Bàbá wí.

Mo wo ọwọ́ náà. Ìgbọ̀nwọ́ ṣì ká. Ó ti ń ṣe ìmẹ́lẹ́ láti ìgbà tí mi ò ti lọ síbẹ̀ mọ́.

"Ẹ nà án tán, Bàbá."

Ó di eyín pọ̀, ó nà án tán. Mo sì kúnlẹ̀, mo fi òsì tèmi gbà á.